Gbèsè Tí A Fi Sílẹ̀ Nílé

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní ọmọ, àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ ní ìlú òyìnbó. Gbèsè tí irú wọn fi sílẹ̀ nílé ni ẹ̀kọ́ wa òní.

Ẹ jẹ́ ká mú Lágbájá, olùkọ́ kan ní Ìbàdàn. Ní ọdún 2021, ó yá ₦900,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ méjì ṣe onídùúró fún un, wọ́n fi ọwọ́ sí ìwé. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ owó náà nínú owó iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó ku ₦600,000, Lágbájá wọ ọkọ̀ òfurufú, ó di Lọ́ńdọ̀nù. Owó iṣẹ́ dúró. Ta ni ẹgbẹ́ yóò mú? Àwọn onídùúró ni. Wọn yóò yọ ọ́ nínú owó tí àwọn yẹn ti tọ́jú, bóyá owó ilé-ìwé ọmọ, bóyá owó páànù ilé. Àwọn tí kò tọ́ kọ́bọ̀ wò nínú owó náà ni yóò san án.

Láyé àtijọ́, olówó a máa rán ológò lọ sí ilé ẹni tí ó jẹ ẹ́ lówó. Ológò á jókòó tì wọ́n, á ní kí wọ́n bọ́ òun, á máa pariwo. Bó bá rí adìẹ, á mú un. Gbogbo agbo ilé ni ó ń dà láàmú. Ológò kò sí mọ́, ṣùgbọ́n ará ilé ṣì ni ìyà ń jẹ.

Àwọn kan a ní, “Ẹ jẹ́ kí n rí ẹsẹ̀ walẹ̀ ná, kí ni náírà?” Ẹ wò ó dáadáa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 ní báńkì. Nígbà tí ọdún 2024 fi parí, ó ti ju ₦1,500 lọ. Bí Lágbájá ṣe ń pẹ́, bẹ́ẹ̀ ni gbèsè náà ń fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí owó ẹni tó yá a ń di yẹpẹrẹ. Lójú tèmi, ẹni tó bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ yẹ kó fi nǹkan lé e.

Ẹ̀rù ọlọ́pàá ni kì í jẹ́ kí àwọn mìíràn wálé. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 ní kí ọlọ́pàá má ṣe mú ènìyàn nítorí gbèsè lásán. Ilé-ẹjọ́ ni ọ̀nà rẹ̀. Ti báńkì tún yàtọ̀. Láti ọdún 2020, báńkì tí o jẹ lówó lè gba owó rẹ̀ nínú àkáǹtì rẹ tó wà ní báńkì mìíràn, nítorí nọ́ńbà BVN so gbogbo wọn pọ̀. Owó tí o fi ránṣẹ́ láti fi kọ́lé lè gba ibẹ̀ lọ.

Lẹ́tà tí ó yẹ kí Lágbájá kọ sí onídùúró rẹ̀ nìyí:

“Ẹ̀gbọ́n mi,
Mo kí yín, mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Ẹ má bínú pé ẹ ò gbúròó mi. Gbèsè ₦600,000 náà, ọrùn mi ló wà, kì í ṣe ọrùn yín. Láti ìparí oṣù yìí, n ó máa fi ₦50,000 ránṣẹ́ lóṣooṣù fún oṣù 12. Bí wọ́n bá ti yọ nínú owó yín, ẹ kọ iye rẹ̀ fún mi. Ẹ̀yin ni n ó kọ́kọ́ san án fún. Mo ti kọ̀wé sí akọ̀wé ẹgbẹ́ pẹ̀lú.
Èmi àbúrò yín.”

Ẹ rí i pé iye owó wà níbẹ̀, ìgbà tí yóò san án náà wà níbẹ̀. Kò sí “bí nǹkan bá ṣẹnuure.” Kí ó fi owó náà ránṣẹ́ tààrà sí àkáǹtì ẹgbẹ́, kó má gba ọwọ́ ìbátan kankan kọjá. Ọ̀pọ̀ owó gbèsè ni wọ́n ti jẹ lójú ọ̀nà! Kí ó gba rìsíìtì ní gbogbo ìgbà. Bó bá san án tán, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ti tán, kí onídùúró kọ̀ọ̀kan sì gba ẹ̀dà kan.

Ẹ̀yin náà tí wọ́n ń bẹ̀ pé kí ẹ ṣe onídùúró, ẹ ti kúrò ní ẹni tí ń tẹ àtàǹpàkò. Ẹ ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó fi ọwọ́ sí i.

Ẹ mú kálámù báyìí. Ẹ kọ lẹ́tà onídùúró sí Lágbájá, kí ẹ bi í léèrè iye tó kù àti ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí san án.