Ẹ̀KỌ́ KẸSÀN-ÁN: TA NI A Ó RÁN SÍ ÌGBÌMỌ̀ ÌLÚ?

Lónìí a ó ka ọ̀rọ̀ nípa ìdìbò ìlú. Ẹ kà á díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá yára kà, kí ó dúró de ẹnìkejì rẹ̀.

1. Kí ni ìgbìmọ̀ ìlú?

Gbogbo ìlú kọ́ ni ó ń dìbò yan Alákétu. Bẹ́ẹ̀ náà ni Oníṣábẹ̀. Àwọn ìdílé ọba àti àwọn afọbajẹ ni wọ́n mọ bí a ti ń jẹ oyè náà. Ṣùgbọ́n òfin orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ dá ìgbìmọ̀ mìíràn sílẹ̀. Ẹni tí ó ti pé ọdún 18, tí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé àwọn olùdìbò, ní ẹ̀tọ́ láti dìbò yàn án. Ìgbìmọ̀ ìlú ni èyí. Lára ilé iṣẹ́ rẹ̀ ni ẹ ti ń rí ọ̀rọ̀ Faransé yìí: «Mairie». Olórí rẹ̀ ni a ń pè ní maire.

Ilẹ̀ tí ìgbìmọ̀ kan ń bójú tó ni a ń pè ní commune. Commune 77 ni ó wà ní Bẹ̀nẹ̀. Kétu jẹ́ ọ̀kan, Ṣábẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, Àjàṣẹ́ náà jẹ́ ọ̀kan. A sì pín commune kọ̀ọ̀kan sí arrondissement. Kétu ní 6, Ṣábẹ̀ ní 8, Àjàṣẹ́ ní 5.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2002 ni a kọ́kọ́ dìbò yan irú ìgbìmọ̀ yìí. A tún dìbò ní ọdún 2008, ní 2015, ní 2020, àti ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026.

2. Ta ni à ń dìbò fún?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé maire ni àwọn ń dìbò fún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àmì ẹgbẹ́ òṣèlú ni ó wà lára ìwé ìbò. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti kọ orúkọ àwọn ènìyàn rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú. Bí ẹ bá yan ẹgbẹ́ kan, orúkọ wọ̀nyẹn ni ẹ yàn. Láàrin àwọn tí ó bá wọlé ni a ti ń mú maire.

Nítorí náà, ẹ má ṣe wo àmì nìkan. Ẹ bèèrè pé: «Ta ni ẹ kọ orúkọ rẹ̀ fún arrondissement wa? Ǹjẹ́ ó ń gbé níbí? Ǹjẹ́ a mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀?»

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí a mọ̀. Ní ìdìbò ọdún 2020, òfin sọ pé ẹgbẹ́ tí kò bá rí ìbò 10 nínú 100 ní gbogbo Bẹ̀nẹ̀ kò ní rí àyè kankan nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Ẹgbẹ́ PRD ti jẹ́ ẹgbẹ́ ńlá ní Àjàṣẹ́ fún ọdún pípẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún náà, ìbò rẹ̀ kò tó 10 nínú 100 káàkiri orílẹ̀-èdè. Kò rí àyè kankan, ní Àjàṣẹ́ pàápàá. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tí a yàn ní gbogbo Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ 1.815. Ẹgbẹ́ mẹ́ta péré ni ó pín in: UP mú 820, BR mú 735, FCBE mú 260. Ẹ rí i pé ó yẹ kí a bèèrè òfin ìdìbò kí ọjọ́ ìdìbò tó dé. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

3. Kí ni ìgbìmọ̀ ìlú lè ṣe?

Ìgbìmọ̀ ìlú lè kọ́ ọjà, kí ó sì tún un ṣe. Ó lè kọ́ yàrá ìkàwé sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó lè tún ilé ìwòsàn abúlé ṣe. Ó lè la ọ̀nà oko, kí ó sì ṣe afárá kéékèèké. Ìmọ́tótó ìlú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní mairie ni a ti ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sínú ìwé ìbí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àgbà ní èdè wa, irú èyí tí à ń kọ́ yìí, kàn án pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ìlú kọ́ ni ó ń pàṣẹ fún ọmọ ogun. Òun kọ́ ni ó ń ṣe òfin orílẹ̀-èdè. Ẹni tí ó bá ṣèlérí irú nǹkan wọ̀nyí fún yín kò mọ iṣẹ́ tí ó ń wá, tàbí kí ó jẹ́ pé ó ń tàn yín.

Bákan náà, láti ìgbà tí a ti ṣe òfin oṣù Kejìlá ọdún 2021, òṣìṣẹ́ kan wà ní mairie tí a ń pè ní secrétaire exécutif. Òun ni ó ń bójú tó iṣẹ́ ojoojúmọ́ àti ìnáwó. Bí olùdíje kan bá wí pé: «Bí mo bá di maire, èmi fúnra mi ni n ó máa ṣí àpótí owó fún yín», ẹ bi í pé òfin wo ni ó fún un ní àyè.

4. Owó ta ni?

Díẹ̀ nínú owó ìgbìmọ̀ ń ti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ wá. Èyí tí ó kù ń ti ọwọ́ wa wá: owó orí ilẹ̀, owó ìsọ̀, owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjà.

Ẹ mú gègé yín, kí a ṣírò. Ká ní ìyá kan ń san 50 fáránkì fún tíkẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ ọjà kan. Ó ń ná ọjà 70 lọ́dún. 50 lọ́nà 70 jẹ́ 3.500 fáránkì. Ìgbìmọ̀ tí a yàn ní 2015 wà níbẹ̀ títí di 2020, èyí jẹ́ ọdún 5. 3.500 lọ́nà 5 jẹ́ 17.500 fáránkì.

Nígbà ìdìbò, olùdíje kan wá fún ìyá yìí ní 500 fáránkì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni ó yẹ kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnìkejì?

5. Olùdíje mẹ́ta

Ẹ jẹ́ kí a rò pé a wà ní abúlé kan lẹ́yìn Kétu. Afárá igi kan wà lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn. Nígbà òjò, omi máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Olóyún tí ó ń rọbí kò lè kọjá. Olùdíje mẹ́ta wá sí ọjà abúlé náà.

Èkínní pín aṣọ tí àmì ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lára rẹ̀, ó sì fi 500 fáránkì lé e. Kò dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Èkejì wí pé: «Ọmọ yín ni mí. Gbogbo ọ̀nà yóò di ọ̀dà, gbogbo ọ̀dọ́ yóò ríṣẹ́.» Kò sọ ọ̀nà tí yóò gbà ṣe é. Ẹ̀kẹta kò mú nǹkan kan wá. Ìyá Ọlọ́jà pè é.

ÌYÁ ỌLỌ́JÀ: Ọmọ mi, o káàbọ̀. Kí ni ìwọ fẹ́ ṣe sí afárá wa?

OLÙDÍJE: Ẹ ṣeun, màmá. N kò ní parọ́ fún yín. Afárá onísìmẹ́ńtì ń gba owó. Ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ètò ìnáwó ọdún. Bí mo bá wọlé, n ó gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú wọn.

ÌYÁ ỌLỌ́JÀ: Bí wọn kò bá gbà ńkọ́?

OLÙDÍJE: N ó padà wá sọ ìdí rẹ̀ fún yín, níbí yìí, lọ́jọ́ ọjà.

ÌYÁ ỌLỌ́JÀ: Ó dára. Àwọn kan nínú wa ń lọ sí kíláàsì alẹ́. Wọn yóò kọ ọ̀rọ̀ rẹ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí o sọ ọ́.

OLÙDÍJE: Háà, màmá, ẹ fẹ́ fi ìwé mú mi!

ÌYÁ ỌLỌ́JÀ: A kò mú ọ. Ìrántí ni a fi ń ṣe.

A kò wí pé ẹni kẹta yìí kò lè yẹ̀ àdéhùn. Ènìyàn ni. Ṣùgbọ́n òun nìkan ni a lè bi léèrè lọ́la, nítorí òun nìkan ni ó sọ ohun kan tí a lè wọ̀n.

6. Ọjọ́ ìdìbò àti ẹ̀yìn rẹ̀

Òfin kọ̀ kí olùdíje fi owó tàbí ẹ̀bùn ra ìbò. Ẹ má ṣe fi ìwé ìdánimọ̀ yín fún ẹnikẹ́ni kí ó bá yín tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá wọ inú yàrá ìdìbò, ẹ̀yin nìkan ni ẹ wà níbẹ̀. Ọkọ kò rí ìbò aya, aya kò rí ìbò ọkọ. Ọ̀gá oko kò rí ti alágbàṣe rẹ̀.

Lẹ́yìn ìdìbò, iṣẹ́ kò tíì parí. Gbogbo ará ìlú ni ó lè lọ jókòó gbọ́ ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú. Ẹ yan ènìyàn méjì tí ó mọ̀wé kà láàrin yín. Kí wọ́n lọ gbọ́, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀, kí wọ́n wá kà á fún àwọn tó kù.

Ọ̀RỌ̀ TUNTUN

Olùdíje: ẹni tí ó ń wá ipò nínú ìdìbò.
Ètò ìnáwó: ìwé tí ó sọ iye owó tí yóò wọlé àti ohun tí a ó fi ṣe.
Ọmọ ìgbìmọ̀: ẹni tí a yàn láti sọ̀rọ̀ fún wa ní mairie.

ÌBÉÈRÈ

1. Arrondissement mélòó ni ó wà ní commune yín?
2. Ẹ sọ nǹkan mẹ́ta tí ìgbìmọ̀ ìlú lè ṣe, àti nǹkan kan tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.
3. Bí tíkẹ́ẹ̀tì ọjà bá jẹ́ 100 fáránkì, èló ni ìyá náà yóò san ní ọdún 5?
4. Kí ni Ìyá Ọlọ́jà ní kí wọ́n kọ sílẹ̀? Nítorí kí ni?

IṢẸ́ ÀTILÉWÁ

Ẹ bi àwọn ará àdúgbò yín léèrè ohun tí ó ń ni wọ́n lára jù lọ. Ẹ kọ mẹ́ta sílẹ̀, gbólóhùn kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ tọ́jú ìwé náà dáadáa. Bí olùdíje bá dé, kí ẹ kà á sí i létí.