Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌPÀDÉ OṢÙ: ṢÉ KÍ A PA ILÉ-ÌWÉ ÀWỌN ỌMỌ WA DÀ?



Bí oṣù Kẹsàn-án bá ti ń súnmọ́lé, ìwé ẹ̀yáwó kan wà tí àwa alábẹ̀wò ẹgbẹ́ máa ń bá lọ́wọ́ àwọn akọ̀wé: "Mo fẹ́ kó àwọn ọmọ mi lọ sí ilé-ìwé mìíràn." A kò wá sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kó ọmọ rẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ kí a wo inú ilé, kí a wo ilé-ìwé, kí a sì wo àpò, kí a tó pa ilé-ìwé ọmọ dà.

1. KÍ NI Ó Ń LÉ WA KÚRÒ?

Ẹ jẹ́ kí tọkọtaya jókòó, kí wọ́n kọ ìdí náà sílẹ̀. Bí olùkọ́ kì í bá wá déédéé, bí ọmọ bá wà ní kíláàsì kẹrin tí kò tíì lè kàwé, bí ó bá ń gba ojú títì eléwu kọjá, tàbí bí ara rẹ̀ kò bá sí láìléwu níbẹ̀, ìdí gidi nìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n bí ìdí náà kò bá ju pé ọmọ aládùúgbò ti lọ, tàbí pé yunifọ́ọ̀mù ti ibòmíràn dára lójú, kò tíì tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ jẹ gbèsè.

2. ṢÉ A TI GBÌYÀNJÚ ÀTÚNṢE?

Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2004 sì sọ pé ọdún mẹ́fà ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti mẹ́ta tí ó tẹ̀lé e gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé ìjọba. Ilé-ìwé náà, tiwa ni. Ta ni nínú wa ni ó ti bá olùkọ́ àgbà sọ̀rọ̀? Ta ni ó ń lọ sí ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́? Ohùn òbí kan lè má dún jìnnà, ṣùgbọ́n bí òbí ogún bá jọ kọ ìwé sí àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀, ó ṣòro kí wọ́n tó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹ fún un ní táàmù kan. Bí nǹkan kan kò bá yí padà, a ti mọ ohun tí ó kàn.

3. ILÉ-ÌWÉ TUNTUN NÁÀ ŃKỌ́?

Ẹ lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́, kì í ṣe ní ọjọ́ àríyá wọn. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ ìjọba. Ẹ ka iye ọmọ tí ó wà ní kíláàsì kan. Ẹ ṣí ìwé iṣẹ́ ọmọ méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ wò ó bóyá olùkọ́ ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ wo omi àti ilé ìgbẹ́. Ẹ béèrè iye ọdún tí àwọn olùkọ́ ti lò níbẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi "Gẹ̀ẹ́sì nìkan la ń sọ níbí" tàn yín. Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá jẹ́ aṣáájú rẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ ni kí ẹ wá.

4. OWÓ DÀ?

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ọmọ méjì, ₦40,000 fún ọmọ kan ní táàmù kan: ₦240,000 lọ́dún. Owó ọkọ̀ ₦600 lójúmọ́ fún àwọn méjèèjì, ọjọ́ 60 ní táàmù kan: ₦108,000 lọ́dún. Ìwé àti yunifọ́ọ̀mù ₦52,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦400,000.

Bí a bá yá a lọ́wọ́ ẹgbẹ́ fún oṣù 12 pẹ̀lú èlé 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ₦440,000 ni a ó san: nǹkan bí ₦36,700 lóṣooṣù. Bí a bá sì ń parí rẹ̀, owó ọdún kejì ti dé. Gbèsè ń bí gbèsè nìyẹn. Ẹ̀yáwó wà fún ohun tí yóò mú owó wọlé, tàbí fún ìnáwó ẹ̀ẹ̀kan. Owó ilé-ìwé kì í ṣe ìnáwó ẹ̀ẹ̀kan.

A ti rí i ní ẹgbẹ́ kan. Ọmọ ẹgbẹ́ náà san táàmù kìíní pẹ̀lú ẹ̀yáwó. Ní táàmù kejì ọjà kò tà, wọ́n sì dá àwọn ọmọ padà sílé láàárín ẹ̀kọ́. Àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì ni ẹgbẹ́ yọ owó ìpamọ́ wọn. Ọmọ àwọn onídùúró náà sì nílò owó ilé-ìwé.

Ìmọ̀ràn wa nìyí: ẹ dán an wò kí ẹ tó lọ. Fún ọdún kan, nígbà tí àwọn ọmọ ṣì wà níbi tí wọ́n wà, ẹ máa fi ₦33,400 pamọ́ lóṣooṣù lọ́tọ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́. Bí ó bá ṣeé ṣe, owó ọdún kìíní ti wà nílẹ̀ láìsí èlé. Bí kò bá ṣeé ṣe, a ti mọ̀ láìjẹ gbèsè, ohun tí a rí kó jọ sì lè ra ìwé, kí ó sì san owó olùkọ́ ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n bí ewu bá wà lára ọmọ, ẹ má dúró de ọdún kan. Ẹ wá ilé-ìwé ìjọba mìíràn tí ó súnmọ́ yín.

5. ÀKÓKÒ

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ ni ó dára jù. Ọmọ tí ó bá wà ní kíláàsì kẹfà, ẹ jẹ́ kí ó parí. Ẹ gba ìwé ìdágbére àti káàdì ìdánwò rẹ̀ kí ẹ tó kúrò. Kí ẹ sì bi ọmọ náà léèrè: òun ni yóò jókòó ní kíláàsì náà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

(a) Ọmọ ẹgbẹ́ wa mélòó ni ó ní ọmọ ní ilé-ìwé kan náà? Kí ni a lè jọ béèrè fún níbẹ̀?
(b) Ṣé ẹgbẹ́ wa lè ṣí ìwé ìpamọ́ owó ilé-ìwé lọ́tọ̀ kí ọdún tó parí?
(d) Kí ni ó yẹ kí onídùúró béèrè kí ó tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀yáwó owó ilé-ìwé?

Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn sínú ìwé ìpàdé. A ó yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí a bá dé.