Pọ́n-ùn tó ti pẹ́ nílé

Ìbéèrè: Mò ń lọ bá ọmọ mi tọ́jú ìkókó ní London. Ẹnì kan fẹ́ ta pọ́n-ùn fún mi ní ẹ̀dínwó, ó ní ó ti pẹ́ nílé òun. Ṣé kí n rà á? — Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire ọmọ tuntun, Mà. “Ó ti pẹ́ nílé” yẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Láti ìparí oṣù kẹsàn-án 2022 ni £20 àti £50 oníbébà kò ti ṣe é ná mọ́ nílùú Ọba. Onírọ́bà tó ń dán ni wọ́n ń ná báyìí. Bank of England ṣì ń pààrọ̀ ti àtijọ́, àmọ́ ta ló fẹ́ pọn ìkókó lọ tò síbẹ̀?

Báǹkì ni kí ẹ lọ, pẹ̀lú ìwé ìrìnnà, físà àti tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ má kó owó púpọ̀ dání: láti 2014 ni bọ́ọ̀sì London kò ti gba owó lọ́wọ́ èrò mọ́, káàdì ni. Bí ẹ̀rọ ìsanwó bá bi yín, náírà ni tàbí pọ́n-ùn, ẹ mú pọ́n-ùn. Ìṣirò náírà tiwọn máa ń gani lára. Kẹ́ ẹ tó wọ bàálù, ẹ béèrè ní báǹkì yín iye tí káàdì náà lè ná lókè òkun lóṣù.