Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: KÍ LÓ Ń FA FÁÌLÌ ÀWÒRÁN SẸ́YÌN?

Ẹ̀kọ́ yìí kan gbogbo ẹni tí ó ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán iṣẹ́: àwòrán ilé, ọ̀nà tí wáyà iná gbà, tàbí bí iṣẹ́ ṣe ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni ó ń fi Visio ya á, tí wọ́n sì ń kó o pamọ́ sórí SharePoint, kí gbogbo òṣìṣẹ́ lè rí i níbì kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ẹni tí ó tẹ fáìlì yóò jókòó títí, kò ní ṣí.

Kí ni ewu ibẹ̀? Ó ju àkókò tí ó ṣòfò lọ. Bí ó bá sú òṣìṣẹ́, yóò ṣe ẹ̀dà fáìlì náà sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, yóò sì máa tún un ṣe níbẹ̀. Ẹlòmíràn yóò ṣe bákan náà. Láìpẹ́, àwòrán kan yóò di mẹ́ta tí kò bára mu. Ní ọjọ́ tí káfíńtà bá fi èyí tí ó ti di àtijọ́ lu ògiri, wáyà tí iná wà nínú rẹ̀ ni yóò lù.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí á wádìí.

ÀYẸ̀WÒ KÌÍNÍ: Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà sórí kọ̀ǹpútà yín fún ìdánwò nìkan, kí ẹ fi aago wo bí yóò ṣe pẹ́ tó kí ó tó ṣí. Bí ó bá falẹ̀ níbẹ̀ náà, fáìlì ni ó wúwo, tàbí kọ̀ǹpútà ni kò lágbára. Bí ó bá yára, ẹ wo ọ̀nà tí fáìlì ń gbà, tàbí sáfà tí ó wà lórí rẹ̀.

ÀYẸ̀WÒ KEJÌ: Ẹ ṣí fáìlì kékeré mìíràn láti orí sáfà kan náà. Bí òun náà bá falẹ̀, ẹ̀bi kì í ṣe ti fáìlì ńlá yẹn nìkan. Ẹ ní kí ẹlòmíràn ṣí i lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Bí ó bá yá lọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀dọ̀ yín ni kí ẹ ti wá àléébù.

BÍ Ó BÁ JẸ́ FÁÌLÌ: Fọ́tò ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Fọ́tò tí ẹ sọ di kékeré lójú ìwé ṣì lè wúwo bíi ti àtẹ̀yìnwá nínú fáìlì, àfi bí ẹ bá fún un pọ̀. Èkejì, àwòṣe tí ẹ fà wá sójú ìwé máa ń fi ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀ nínú fáìlì, bí ẹ tilẹ̀ pa á rẹ́ lójú ìwé. "Remove Hidden Information" inú Visio lè kó èyí tí a kò lò dànù. Èkẹta, bí fáìlì bá ṣì jẹ́ .vsd àtijọ́, ẹ tọ́jú rẹ̀ sí .vsdx tí ó bá Visio 2013 dé. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan kí ẹ tó yọ ohunkóhun.

BÍ Ó BÁ JẸ́ Ọ̀NÀ: Ẹ ṣírò rẹ̀. Báìtì 1 jẹ́ bíìtì 8. Fáìlì mẹ́gábáìtì 40, lójú ọ̀nà tí ń gbé mẹ́gábíìtì 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò gba ìṣẹ́jú àáyá 40 ó kéré tán, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ bá yín pín in. Bí ẹ bá dín fáìlì náà kù sí 4, ìṣẹ́jú àáyá 4 ni. Ẹ má ṣe pa ohun tí ń ṣọ́ kòkòrò kọ̀ǹpútà nítorí kí iṣẹ́ lè yá. Ẹ fi àbájáde àyẹ̀wò yín han ẹni tí ń bójú tó sáfà.

Níkẹyìn, ẹ pa ẹ̀dà ìdánwò rẹ́, kí ẹ padà sórí èyí tí gbogbo yín jọ ń lò.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ
1. Kí ni ó lè ṣẹlẹ̀ bí olúkúlùkù bá ní ẹ̀dà tirẹ̀?
2. Báwo ni a ṣe lè mọ̀ bóyá fáìlì ni tàbí ọ̀nà?
3. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó ni fáìlì mẹ́gábáìtì 20 yóò gbà lójú ọ̀nà òkè yìí?