Má Gbẹ́jọ́ Ẹnìkan Dá: Ọ̀rọ̀ fún Ọmọ Tó Fẹ́ Di Ọ̀mọ̀wé Bíbélì

Ọmọ mi, o ní ìtàn àwọn Kristẹni àkọ́kọ́ àti òfin àwọn Júù àtijọ́ lo fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ ayé rẹ. Ó dára. Kì í ṣe iṣẹ́ tó ń sọni di olówó, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ohun tó le níbẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọ. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó o dì mú, ìyókù á tẹ̀lé e. Àwọn baba wa ní: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Agbo tó o fẹ́ wọ̀ yìí ti dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rí, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó tún un dá. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn òǹkọ̀wé ńlá ní Jámánì, irú Ferdinand Weber, Emil Schürer àti Wilhelm Bousset, ti ń kọ ọ́ pé ẹ̀sìn àwọn Júù nígbà ayé Jésù ti gbẹ, pé ṣe ni Júù ń ṣírò iṣẹ́ rere rẹ̀ láti fi ra ọ̀run. Ohun tí àwọn ìwé Ìhìn Rere sọ nípa àwọn Farisí àti ọ̀rọ̀ líle tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Gálátíà ni wọ́n fi ṣe ẹlẹ́rìí. Bí wọ́n bá tiẹ̀ ṣí ìwé àwọn rábì, ohun tí wọ́n máa fi ti ẹ̀bi náà lẹ́yìn ni wọ́n ń wá níbẹ̀. Ní 1921, George Foot Moore, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard tí òun náà jẹ́ Kristẹni, kọ̀wé tú àṣírí ọ̀rọ̀ yìí. Díẹ̀ ló kọbi ara sí i.

Má rò pé ọ̀rọ̀ inú ìwé kì í pani lára. Ní 1939, ní ìlú Eisenach, àwọn aṣáájú ìjọ àti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Bíbélì dá ilé ìwádìí kan sílẹ̀ láti fa gbogbo ohun tó jẹ́ ti Júù tu kúrò nínú ẹ̀sìn Kristẹni. Walter Grundmann, tó ń kọ́ni ní Májẹ̀mú Tuntun ní yunifásítì Jena, ló ń darí iṣẹ́ ìwádìí níbẹ̀. O mọ ohun tí ìjọba Hitler ń ṣe fún àwọn Júù lásìkò yẹn.

Ẹni tó mú kí ọ̀pọ̀ gbà pé ó yẹ kí wọ́n tún ẹjọ́ náà dá ni E. P. Sanders. Ìlú Grand Prairie ní Texas ni wọ́n bí i sí ní 1937, ilé ẹ̀kọ́ àwọn Mẹ́tọ́díìsì ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ dé Göttingen, ó dé Oxford, ó dé Jerúsálẹ́mù, kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì McMaster ní Kánádà ní 1966. Ìwé rẹ̀, Paul and Palestinian Judaism, jáde ní 1977, ojú-ìwé rẹ̀ sì lé ní 600. Kó tó sọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù rárá, ó kọ́kọ́ jókòó ti ìwé àwọn rábì ìjímìjí, àwọn àkájọ ìwé Òkun Òkú àti àwọn ìwé Àpókírífà, ó jẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn rojọ́. Ohun tó bá níbẹ̀ ni pé lójú àwọn Júù wọ̀nyí, oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ló ṣáájú: Ọlọ́run ti yàn wọ́n, ó ti bá wọn dá májẹ̀mú. Òfin tí wọ́n ń pa mọ́ ni ọ̀nà tí ẹni tó ti wà nínú ilé fi ń gbé inú ilé. Owó ìwọlé kọ́. Lẹ́yìn náà ló di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford, lẹ́yìn ìyẹn ní Duke, ó sì kú ní 2022. Ẹni ogójì ọdún ni nígbà tí ìwé yẹn jáde. Nítorí náà, má kánjú.

Jẹ́ ká wo bí iṣẹ́ náà ṣe rí gan-an. Nínú Máàkù orí keje, Jésù bá àwọn Farisí wí nítorí ọ̀rọ̀ Kọ́bánì: ọmọ á sọ pé ohun tó yẹ kí òun fi tọ́jú bàbá àti ìyá òun ti di ohun ìyàsọ́tọ̀ fún Ọlọ́run, ẹ̀jẹ́ á wá gba oúnjẹ lẹ́nu òbí. Bó o bá dúró síbẹ̀, wàá ní àwọn olùkọ́ òfin wọ̀nyẹn ò mọ iyì òbí. Ṣí Mishnah, ìwé òfin àwọn rábì, kó o lọ sí ìpín Nedarim tó dá lórí ẹ̀jẹ́, orí kẹsàn-án. Wàá bá àwọn àgbà níbẹ̀ tí wọ́n ń jiyàn bóyá a lè tìtorí ọlá bàbá àti ìyá tú ẹ̀jẹ́. Rábì Eliezer ní a lè ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn yòókù kọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé láàárín ọmọ àti òbí rẹ̀ gan-an ni ẹ̀jẹ́ ọ̀hún wà, gbogbo wọn fẹnu kò pé ọlá òbí tó láti tú u. Ohun tó dun Jésù dun àwọn náà.

Má tíì yọ̀ o. Nǹkan bí ọdún 200 ni Rábì Júdà tí wọ́n ń pè ní Ọmọ-aládé ṣàkójọ Mishnah, abala mẹ́fà tó ní ìpín 63. Ní ọdún 70 ni àwọn ará Róòmù ti wó Tẹ́mpílì, Jésù sì ti parí iṣẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 30. Ọdún tó wà láàárín ju 150 lọ. Ṣé bí wọ́n ṣe ń dájọ́ nìyẹn nígbà ayé Jésù, àbí ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹnu kò? Mishnah nìkan ò lè sọ fún ọ. Jacob Neusner, ọ̀mọ̀wé Júù ọmọ Amẹ́ríkà tó túmọ̀ ìwé àwọn rábì lọ jàra, kò dẹ́kun kíkìlọ̀ nípa èyí, ó sì bá Sanders fà á gan-an. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ọmọ-ọmọ kì í ṣe ẹ̀rí pé bàbá-ńlá ló sọ ọ́. Gbọ́ tẹnu ẹnì kejì, ṣùgbọ́n bi í pé ọjọ́ wo ló sọ ọ́.

Nígbà míì, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ a jẹ́rìí. Nínú ìpín Yadayim ti Mishnah, àwọn Sadusí ń bá àwọn Farisí jà lórí omi tí a ń dà láti inú ohun èlò mímọ́ sínú èyí tí kò mọ́: ṣé àìmọ́ lè gba ara omi náà gun òkè padà? Ẹnìkan lè ní ìtàn lásán ni. Ṣùgbọ́n láti 1947 síwájú, wọ́n rí àwọn àkájọ ìwé Òkun Òkú yẹn nínú ihò àpáta Qumran. Lára wọn ni lẹ́tà kan tí Elisha Qimron àti John Strugnell tẹ̀ jáde ní 1994, tí wọ́n ti kọ kí wọ́n tó bí Jésù. Ọ̀rọ̀ omi dídà yẹn wà nínú rẹ̀, àwọn tó kọ lẹ́tà náà sì wà lápá ibi tí Mishnah fi àwọn Sadusí sí. Ìjà náà ti wà lóòótọ́.

Tàbí kó o wo Mátíù orí kejìlá, níbi tí Jésù ti bi wọ́n pé ta ni àgùntàn rẹ̀ á jìn sí kòtò lọ́jọ́ ìsinmi tí kò ní fà á yọ. Olùwàásù a máa sọ pé ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn ni. Ó ní ìdáhùn. Ìwé òfin kan tí Solomon Schechter rí lára àwọn ìwé tó kó wá sí Cambridge láti sínágọ́gù kan ní Káírò, tó sì tẹ̀ jáde ní 1910, sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fà á yọ lọ́jọ́ ìsinmi. Ẹ̀dà ìwé náà tún wà ní Qumran. Àwọn kan wà nígbà náà tí wọn ì bá dìde kí wọ́n ní, "Àwa ò ní fà á." Àwọn tí Jésù ń bá sọ̀rọ̀ ò sí lára wọn, ìdí nìyẹn tí ìbéèrè rẹ̀ fi wọlé.

O rí i pé èdè ni ilẹ̀kùn. Kọ́ Hébérù, kó o mọ̀ pé ti Bíbélì yàtọ̀ sí ti Mishnah. Kọ́ Árámáíkì nítorí Talmud, ìwé ńlá tí àwọn rábì fi ṣàlàyé Mishnah, kọ́ Gíríìkì nítorí Májẹ̀mú Tuntun àti Josephus òpìtàn Júù, kó o tún mọ Jámánì àti Faransé tó láti ka ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé. Ojoojúmọ́ ni kó o máa ka àwọn èdè wọ̀nyí. Wá Júù tó mọ Talmud, kẹ́ ẹ jọ jókòó kà á. Méjì-méjì ni wọ́n ń ka Talmud nílé ẹ̀kọ́ wọn, pẹ̀lú ariwo àti àríyànjiyàn. Bó o bá dá nìkan kà á, ìdajì rẹ̀ á bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Àyè iṣẹ́ kò sì pọ̀, nítorí náà kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ mọ́ ọn, kí ebi má baà lé ọ kúrò nídìí ìwé.

Àwọn ará ilé á bẹ̀rù pé ìwé á gba ìgbàgbọ́ lọ́wọ́ rẹ. Má bá wọn jà, máa lọ sí ìjọ rẹ. O tiẹ̀ ní ohun kan tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Jámánì wọ̀nyẹn ò ní. O mọ Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá, tí Oshoffa dá sílẹ̀ ní Porto-Novo ní 1947. O ti rí wọn tí wọ́n ń rìn láìwọ bàtà nínú sùtánà, o mọ̀ pé wọn kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, o sì mọ̀ pé obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọ inú ìjọ títí yóò fi mọ́. Bi ìyá tó dúró síta yẹn bóyá ọ̀run ló ń rà. Á wò ọ́ tìyanu-tìyanu. Ilé Ọlọ́run ló ń bọ̀wọ̀ fún. Má sọ pé bákan náà ni òun àti obìnrin Jùdíà àtijọ́, nítorí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n má gbà fún ẹnikẹ́ni tó bá ní gbogbo ẹni tó ń pa èèwọ̀ mọ́ ló ń ṣòwò pẹ̀lú Ọlọ́run.

Bó o bá kọ ìwé rẹ parí, gbé e fún Júù tó mọ òfin náà kó o tó gbé e fún ìjọ. Bó bá ní òun ò gbà pẹ̀lú rẹ, kò burú. Ṣùgbọ́n bó bá ní kì í ṣe ohun tí àwọn baba òun sọ lo kọ yìí, fa ìwé náà ya kó o tún un kọ. Ọlọ́run á fún ọ ní ẹ̀mí gígùn tí wàá fi kọ́ ọ, àti etí tí wàá fi gbọ́ tọ̀tún tòsì.