Ọmọ Kẹta Tó Wà Láàrin Cosme àti Damião

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé wa, tí ìyá rẹ̀ àgbà wá láti Salvador ní Bahia, bi mí lóṣù tó kọjá pé: "Ìyá, ṣé kí n gbé ère Cosme àti Damião kúrò lójúbọ Ìbejì? Wọ́n ní ti òyìnbó ni." Mo ní kó má tíì fọwọ́ kàn án.

Nínú ìtàn Ìjọ Àgùdà (orúkọ yìí kan náà ni wọ́n ń pe àwọn tó padà láti Brazil sí Èkó), ìbejì ni wọ́n, oníṣègùn tí kì í gbowó lọ́wọ́ aláìsàn. Wọ́n pa wọ́n nítorí ìgbàgbọ́ wọn nígbà tí Diocletian ń jọba ní Róòmù. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ni ọdún wọn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọ tún kàlẹ́ńdà ṣe ní 1969, ó di ọjọ́ 26. Àwọn ará Brazil gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ò kúrò ní 27.

Àwọn Pọtogí ló gbé wọn dé Brazil. Nígbà tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú dé Bahia, wọ́n bá èèyàn méjì tó jọra lórí pẹpẹ. Kí ni ọmọ Yorùbá máa pe ìyẹn?

Wọ́n sábà máa ń sọ fún wa pé ẹni mímọ́ ni ìbòjú, òrìṣà ló fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ère náà dáadáa. Ní Brazil, ọmọ kékeré kan sábà máa ń wà láàrin àwọn méjèèjì, Doum ni wọ́n ń pè é. Ìtàn Àgùdà dárúkọ àwọn arákùnrin mìíràn fún Cosme àti Damião, kò sí Doum nínú wọn. Ìdòwú ni! Ẹni tí a bí tẹ̀ lé ìbejì.

Ẹ tún wo oúnjẹ. Àgbàlagbà oníṣègùn ni àwọn ẹni mímọ́ yìí, síbẹ̀ súìtì ni wọ́n ń pín fáwọn ọmọdé ní Rio. Ní Salvador, carurú ni wọ́n ń sè: ilá tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, epo pupa, edé gbígbẹ, ẹ̀pà. Ọmọdé méje ló ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́, wọ́n á jókòó sílẹ̀, wọ́n á máa fọwọ́ jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan. Ẹni tó bá rí odindi ilá nínú àwo rẹ̀, òun ló máa sè é lọ́dún tó ń bọ̀. (Mo ti rí bàbá kan tó sáré gbé tiẹ̀ mì.) Ìbejì ló sọ àwọn oníṣègùn di ọmọdé. Ta ló wá bo ta mọ́lẹ̀?

Ní 1983, Mãe Stella ti Opô Afonjá àti àwọn ìyálórìṣà mìíràn ní Salvador fọwọ́ sí ìwé pé ká ya òrìṣà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni mímọ́. Mo fara mọ́ wọn. Ère igi, ẹ̀wà àti ìrèké ló wà lójúbọ tèmi. Ṣùgbọ́n Doum wà láàrin ère tí ìyá àgbà yẹn fi sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n gba èdè lẹ́nu rẹ̀, tó ṣì rántí Ìdòwú, mi ò lè pe ohun ìní rẹ̀ ní ti òyìnbó.

Mo ní kó gbé ère náà sí ẹ̀gbẹ́ fọ́tò ìyá àgbà, níbi tó ti ń rántí àwọn òkú rẹ̀. Kó se ilá lọ́jọ́ 27, kó pe ọmọdé méje. Ó ní òun ò mọ̀ ju mẹ́rin lọ ládùúgbò òun.

Mo ní kó pe àwọn mẹ́rin.