Ẹ̀rín Lẹ́nu Òrìṣà Àrá: Àyẹ̀wò Ipa Àwàdà Nínú Sinimá Thor: Ragnarok

Ìfáàrà

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Òwe yìí kò sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò dun ẹni tí ń rẹ́rìn-ín. Ohun tí ó ń sọ ni pé ẹ̀rín a máa gbé ẹrù tí ẹkún kò lè gbé mọ́. Síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá di ti ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀, ojú tín-ín-rín ni púpọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ fi ń wo àwàdà. Bí eré bá pa wá lẹ́kún, a ó ní ó jinlẹ̀. Bí ó bá pa wá lẹ́rìn-ín, a ó ní eré ọmọdé ni.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣe àyẹ̀wò sinimá kan tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé ní 2017, tí àwọn kan sì ń pè ní eré ọmọdé. Orúkọ rẹ̀ ni Thor: Ragnarok. Èrò wa ni pé àwàdà ni ó gba ìtàn Thor sílẹ̀ nígbà tí àárẹ̀ ti mú un, àti pé ohun tí ó jẹ́ kí àwàdà náà lè ṣe iṣẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀ wúwo tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. A ó kọ́kọ́ sọ ẹni tí Thor jẹ́, a ó wo àwọn sinimá tí ó ṣáájú, lẹ́yìn náà ni a ó tú iṣẹ́ àwàdà wò finnífinní. A ó sì sọ ibi tí ó kù sí.

Ta ni Thor?

Ní ayé àtijọ́, kí ẹ̀sìn Kírísítì tó gbilẹ̀ ní Norway, Sweden, Denmark àti Iceland, Thor ni àwọn ará ibẹ̀ ń bọ gẹ́gẹ́ bí òrìṣà àrá. Òòlù ni ohun ìjà rẹ̀, bí oṣé ti jẹ́ ti Ṣàngó lọ́dọ̀ wa. Odin, olórí àwọn òrìṣà wọn, ni baba rẹ̀. Orúkọ Thor kò sì tíì parẹ́ títí di òní, nítorí òun ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sọ ọjọ́ tí àwa ń pè ní Ọjọ́bọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti ya ọjọ́ Jàkúta sọ́tọ̀ fún Ṣàngó. Ragnarok ni orúkọ tí wọ́n fún ọjọ́ ìkẹyìn, nígbà tí ogun yóò pa àwọn òrìṣà tí iná yóò sì jó ayé.

Ní 1962 ni Stan Lee, Larry Lieber àti Jack Kirby sọ òrìṣà yìí di akọni nínú ìwé aláwòrán tí ilé iṣẹ́ Marvel ń tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà. Ní 2011, Marvel gbé e wá sínú sinimá. Chris Hemsworth, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà, ni ó ṣe Thor. Tom Hiddleston ni ó ṣe Loki, arákùnrin rẹ̀ alárékérekè. Anthony Hopkins sì ṣe Odin.

Bí ìtàn náà ṣe rẹ̀wẹ̀sì

Kenneth Branagh, ẹni tí a mọ̀ mọ eré Shakespeare, ni ó darí sinimá kìíní. Ìtàn baba tí ó bínú sí ọmọ agbéraga ni, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì rinlẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ààfin. Ẹ̀rín wà nínú rẹ̀ díẹ̀, pàápàá nígbà tí Thor dé inú ayé tí ó sì fọ́ kọ́ọ̀pù mọ́lẹ̀ láti fi béèrè fún ohun mímu mìíràn. Sinimá kejì, Thor: The Dark World, jáde ní 2013, Alan Taylor sì ni olùdarí rẹ̀. Níbẹ̀ ni òkùnkùn ti bo gbogbo nǹkan. Ọ̀tá tí ó wà nínú rẹ̀ fẹ́ sọ gbogbo àgbáyé di òkùnkùn, ṣùgbọ́n a kò mọ ọkàn rẹ̀ dé ibi tí ìbẹ̀rù rẹ̀ yóò fi bà wá. Ojú Thor le láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ó yẹ kí a ṣe àkíyèsí pé owó kọ́ ni wọ́n pàdánù. Sinimá kìíní pa nǹkan bí 449 mílíọ̀nù dọ́là, èkejì sì pa nǹkan bí 644 mílíọ̀nù. Ohun tí ó rẹ̀wẹ̀sì ni ìtàn náà fúnra rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn lámèyítọ́ ka apá kejì mọ́ àwọn tí kò dùn tó nínú gbogbo sinimá Marvel. Akọni tí kò lè ṣe àṣìṣe, tí kò lè rẹ́rìn-ín, tí òòlù rẹ̀ ń ṣe gbogbo iṣẹ́ fún un, kí ni a óò máa bẹ̀rù nítorí rẹ̀?

Olùdarí tuntun

Taika Waititi ni Marvel gbé apá kẹta lé lọ́wọ́. Ọmọ ilẹ̀ New Zealand ni. Māori ni baba rẹ̀. Sinimá kéékèèké tí ń pani lẹ́rìn-ín ni a fi mọ̀ ọ́n ṣáájú àkókò náà: Boy ní 2010, What We Do in the Shadows ní 2014, àti Hunt for the Wilderpeople ní 2016. Nínú Boy, ẹ̀rín pọ̀, ṣùgbọ́n ìtàn ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú tí baba rẹ̀ kò sì níláárí ni. Ẹni tí ó bá wo èyí yóò mọ̀ pé ẹni tí ó mọ bí a ti ń fi ẹ̀rín bo ọgbẹ́ ni wọ́n pè.

Ilẹ̀ Ọsirélíà ni wọ́n ti ya sinimá náà ní 2016. Waititi jẹ́ kí àwọn òṣèré máa dá ọ̀rọ̀ sọ láti inú ara wọn ju bí a ti kọ ọ́ sílẹ̀ lọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn aláwàdà orí ìtàgé wa ti máa ń ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fọ ohùn Korg, abàmì ẹ̀dá tí ara rẹ̀ jẹ́ òkúta ṣùgbọ́n tí ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ti ọmọlúwàbí. Nígbà tí sinimá náà jáde ní 2017, owó tí ó pa lé ní 850 mílíọ̀nù dọ́là.

Iṣẹ́ tí àwàdà ṣe

(i) Àwàdà sọ akọni di ẹni tí a lè káàánú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi so Thor rọ̀ níwájú Surtur, ẹbọra oníná. Bí Surtur ti ń halẹ̀ bí yóò ti pa Asgard, ìlú Thor, run, ẹ̀wọ̀n náà ń yí Thor lọ́yìí-lọ́yìí títí ojú rẹ̀ fi kúrò lára ẹni tí ń halẹ̀ mọ́ ọn. Thor sì bẹ̀ ẹ́ kí ó jọ̀wọ́ dákẹ́ ná títí òun yóò fi yí padà dé. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a ti mọ̀ pé ẹni tí a ń wò yìí kò ní agbára lórí ara rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn èyí, gbogbo ohun tí ó fi ń yangàn ni a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Hela, àkọ́bí Odin tí baba rẹ̀ ti fi pamọ́, fi ọwọ́ kan ṣoṣo fọ́ òòlù rẹ̀ wẹ́wẹ́. Wọ́n gé irun rẹ̀. Wọ́n tà á sí ìlú Sakaar láti máa jà fún ìran wíwò. Nígbà tí ó ju bọ́ọ̀lù mọ́ fèrèsé láti lè sá, bọ́ọ̀lù náà ta padà gbá a lójú. Kò sí èyí tí kò pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ń bi wá ní ìbéèrè kan: bí a bá gba òòlù lọ́wọ́ òrìṣà àrá, kí ni ó kù? Ìdáhùn kò dé títí di ìparí ogun, nígbà tí Hela ti yọ ojú rẹ̀ kan, tí ó wá mọ̀ pé inú òun gan-an ni mànàmáná wà, kì í ṣe inú òòlù.

(ii) Àwàdà ṣe ìbòrí fún ọgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí a wo Valkyrie, jagunjagun obìnrin tí Tessa Thompson ṣe. Nígbà tí a kọ́kọ́ rí i, ó ti mutí yó, ó sì ṣubú láti orí àtẹ̀gùn ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rín pa gbogbo ilé ìwòran. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni a wá gbọ́ pé Hela ti pa gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, òun nìkan ni ó ṣẹ́kù, ọtí sì ni ó fi ń gbàgbé. Bí a bá wá ronú padà sí ìṣubú yẹn, ẹ̀rín wa a yí padà lẹ́nu wa. Òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀ àpilẹ̀kọ yìí gan-an ni.

(iii) Àwàdà tú àṣírí. Nígbà tí Thor padà sí Asgard ní ìbẹ̀rẹ̀, ó bá Loki tí ó ti para dà di Odin, tí ó jókòó ń wo eré orí ìtàgé tí wọ́n fi ń yin ikú akọni tí Loki kú, ikú tí kò kú rárá. Eré nínú eré ni èyí, ẹ̀fẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n irúgbìn ọ̀rọ̀ ńlá wà nínú rẹ̀, nítorí nígbà tí Hela dé ààfin, ó fọ́ àwòrán àlàáfíà tí wọ́n kùn sí òkè àjà, àwòrán àtijọ́ sì yọ lábẹ́ rẹ̀: Odin àti Hela lójú ogun, tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ kó ìlú onílùú jọ. Loki fi eré bo irọ́ tirẹ̀. Odin fi ọ̀dà bo ti rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rẹ́rìn-ín sí ti àkọ́kọ́ kò lè ṣàìmọ ìtumọ̀ èkejì.

Níkẹyìn, Thor fúnra rẹ̀ jẹ́ kí Surtur pa Asgard run kí Hela lè bá a lọ, ó sì kó àwọn ènìyàn ìlú sínú ọkọ̀ kan ṣoṣo. Wọ́n di ogunléndé. Ọ̀rọ̀ tí eré náà fi kọ́ wa ni pé àwọn ènìyàn ni ìlú, kì í ṣe ilé àti ilẹ̀. Yorùbá náà ní ènìyàn ni aṣọ mi. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé.

Ṣé ìwọ̀sí ni sí òrìṣà?

Àwọn kan lè sọ pé fífi òrìṣà ṣe ẹ̀fẹ̀ kò bọ̀wọ̀ fún àṣà àwọn tí ó ni ín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí ó ni ín. Ewì àtijọ́ kan wà tí a kọ sílẹ̀ ní Iceland ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá. Nínú rẹ̀, òmìrán kan tí ń jẹ́ Thrym jí òòlù Thor gbé, ó ní àfi bí wọ́n bá fi òrìṣà obìnrin tí ń jẹ́ Freyja fún òun ní aya ni òun yóò dá a padà. Wọ́n wọ Thor ní aṣọ ìyàwó, wọ́n bo ojú rẹ̀, Loki sì ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní ibi àsè, ìyàwó yìí jẹ odidi màlúù kan àti ẹja ńlá mẹ́jọ. Ẹnu ya ọkọ. Loki ní ìfẹ́ ọkọ ni kò jẹ́ kí ìyàwó jẹun láti òru mẹ́jọ. Nígbà tí wọ́n gbé òòlù jáde láti fi súre fún ìyàwó, Thor gbà á, ó sì pa gbogbo wọn. Nítorí náà, Waititi kò mú àjèjì ohun wọ ìtàn náà. Ó dá ohun tí ó ti sọnù padà sí i ni.

Àwa náà mọ irú èyí. Ní òru ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ní Kétu àti ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, òṣèré ẹ̀fẹ̀ a kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá, kí ó tó wá fi yẹ̀yẹ́ tú àṣírí ọ̀bàyéjẹ́. Ìjúbà ni ó fún ẹ̀fẹ̀ ní ẹsẹ̀ tí ó fi dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sálà wa, pa wá lẹ́rìn-ín nínú Ọ̀run Mọ́oru ní 1982, bẹ́ẹ̀ sì ni ìtàn ẹni tí oníjìbìtì sọ di òtòṣì títí ó fi fẹ́ pa ara rẹ̀ ni.

Ibi tí ó kù sí

A kì í fi ìfẹ́ bo àbùkù nínú lámèyítọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ Thor mẹ́ta tí a ti mọ̀ láti 2011 ni Hela pa láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, a kò sì gbọ́ kí Thor dárúkọ wọn kí ó fi ṣọ̀fọ̀. Bákan náà, nígbà tí Asgard ń jó tí gbogbo ìlú ń wò ó, Korg ní kí wọ́n má bínú, ìpìlẹ̀ ṣì le, wọn yóò tún un kọ́. Kí ó tó pa ẹnu dé, ìpìlẹ̀ náà fọ́ túútúú. Àwàdà náà dùn, ṣùgbọ́n ó já ọ̀fọ̀ gbà lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín.

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù ni sinimá kẹrin, Thor: Love and Thunder, tí olùdarí yìí kan náà ṣe ní 2022. Àìsàn jẹjẹrẹ wà nínú rẹ̀, ikú ọmọ wà nínú rẹ̀, àmọ́ àwàdà kò jẹ́ kí èyíkéyìí nínú wọn fìdí balẹ̀ lọ́kàn ẹni. Nǹkan bí 760 mílíọ̀nù dọ́là ni ó pa, àwọn lámèyítọ́ kò sì yìn ín tó ti ìṣáájú. Ọwọ́ kan náà ni, iyọ̀ kan náà ni. Ìwọ̀n ni ó yàtọ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí a ti ń sọ bọ̀ ni pé àwàdà sọ ìtàn Thor jí ní 2017 nítorí pé ó gba ohun ìyangàn lọ́wọ́ akọni, ó bo ọgbẹ́ kí ó lè ṣí i ní àsìkò rẹ̀, ó sì tú àṣírí àwọn alágbára. Níbi tí ó ti gbàgbé ọgbẹ́ náà, ó di ariwo lásán. Àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá, tí a ní ẹ̀fẹ̀, tí a ní alárìnjó, tí a ní aláwàdà, kò yẹ kí a jẹ́ ẹni tí yóò máa ti àwàdà sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Bí eré kan bá tún pa wá lẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí a rín in tẹ́rùn, kí a sì wá béèrè ohun tí ẹ̀rín náà gbé sẹ́yìn.